Fọ́tò ènìyàn lábẹ́ oòrùn: bí ẹ ṣe lè gba àríwísí, kí ẹ sì fi tún iṣẹ́ yín ṣe

Ìbéèrè kan ń wọlé lemọ́lemọ́: "Kámẹ́rà mi dáa, lẹ́ǹsì mi dáa, àmọ́ fọ́tò tí mo bá yà níta kì í rí bí mo ṣe fẹ́. Kí ló kù tí mo máa rà?" Lọ́pọ̀ ìgbà, kò sí ohun tó kù láti rà. Ẹ nílò ojú ẹlòmíràn lórí iṣẹ́ yín, kí ẹ sì mọ bí ẹ ṣe máa sọ ohun tó rí di nǹkan kan pàtó tí ẹ máa yí padà nígbà míì tí ẹ bá gbé kámẹ́rà. Àríwísí tí kò bá já sí "sún ẹsẹ̀ méjì sẹ́yìn" tàbí "jẹ́ kó kọjú sí ògiri funfun yẹn", ariwo lásán ni.

Fọ́tò ẹnì kan tàbí méjì ni a ń sọ níbí, èyí tí a yà níta ní ilẹ̀ wa: awọ dúdú, lẹ́ẹ̀sì funfun, aṣọ òkè, gèlè, fìlà. Ẹni tó ń fi fóònù yà á náà lè lò ó.

## Kí ẹ tó fi fọ́tò han ẹnikẹ́ni

1. Ẹ mú fọ́tò kan ṣoṣo. Tí ẹ bá kó ogún sílẹ̀, "wọ́n dáa gan-an" ni ẹ máa gbọ́. Mẹ́ta ti pọ̀ jù.
2. Ẹ mú èyí tó kù díẹ̀ kó dáa. Èyí tó dára jù lọ, oríyìn ni ẹ ń wá. Èyí tó bàjẹ́ pátápátá, ẹ̀yin fúnra yín ti mọ ohun tó ṣe é.
3. Ẹ fi èyí tí ẹ kò tíì tún ṣe sí ẹ̀gbẹ́ èyí tí ẹ ti tún ṣe. Láìsí méjèèjì, ẹni tó ń wò ó kò lè mọ̀ bóyá inú kámẹ́rà ni àṣìṣe ti wá tàbí orí kọ̀ǹpútà.
4. Ẹ kọ bí ẹ ṣe yà á: aago mélòó, ibi tí oòrùn wà, lẹ́ǹsì mílímítà mélòó, aperture (bí ihò lẹ́ǹsì ṣe ṣí tó; bí nọ́ńbà f bá ṣe kéré tó ló ṣe ṣí tó), shutter speed (bí kámẹ́rà ṣe yára ṣí, tó sì pa dé), ISO (bí kámẹ́rà ṣe ń tètè gba ìmọ́lẹ̀ sí), àti bí ẹni náà ṣe jìnnà tó sí yín. Púpọ̀ nínú rẹ̀ wà nínú fáìlì fọ́tò náà. Ibi tí oòrùn wà àti bí ẹni náà ṣe jìnnà tó ni kámẹ́rà kì í sábà kọ, àwọn méjèèjì yẹn ló sì máa ń ṣàlàyé nǹkan jù.
5. Ẹ gba àyè lọ́wọ́ ẹni inú fọ́tò. Tó bá jẹ́ ọmọdé, ẹ gbà á lọ́wọ́ òbí rẹ̀. Pé ẹnì kan sanwó kí ẹ ya òun kò túmọ̀ sí pé ó gbà kí ẹ gbé ojú òun síwájú àwọn ènìyàn tó máa tú u palẹ̀.
6. Tó bá jẹ́ WhatsApp ni ẹ fẹ́ gbà, ẹ fi ránṣẹ́ bíi document. Bí ẹ bá fi í ránṣẹ́ bíi fọ́tò lásán, ó máa fún un pọ̀, ẹni tó gbà á á sì máa sọ pé fọ́tò yín kò mú nígbà tó jẹ́ pé ó mú.

## Ìbéèrè tó ń mú ìdáhùn gidi wá

"Ẹ bá mi wo iṣẹ́ mi" kò ju kí wọ́n fi àwòrán iná (emoji) mẹ́ta dáhùn lọ. Ẹ kọ ọ́ báyìí:

> "Mo fẹ́ kí ojú ìyàwó yìí jẹ́ ohun àkọ́kọ́ tí ènìyàn máa rí. Aago 4:40 ìrọ̀lẹ́ ni, oòrùn wà lẹ́yìn rẹ̀ lápá òsì. 85 mm, f/2, 1/2000, ISO 100, mítà méjì sí mi. Ó dà bíi pé aṣọ ń fa ojú ju ojú rẹ̀ fúnra rẹ̀ lọ. Ká ní ẹ̀yin lẹ di kámẹ́rà mú, kí lẹ máa yí padà?"

Ìbéèrè tó kẹ́yìn yẹn ni ẹ kò gbọ́dọ̀ gbàgbé. Ó ń mú kí ẹni tó ń dáhùn kúrò lórí "mo fẹ́ràn rẹ̀" tàbí "n kò fẹ́ràn rẹ̀", kó sì bọ́ sórí ohun tí ọwọ́ lè ṣe.

Ta ni kí ẹ bi? Fọtógíráfà tó jù yín lọ, dájúdájú. Àmọ́ ẹ tún bi ẹni tó ń kun ojú tàbí tó ń wé gèlè, nítorí wọ́n máa rí pé àwọ̀ ojú àti ti ọrùn kò bára mu kí fọtógíráfà tó rí i. Ẹ wá bi ẹnì kan tí kò mọ nǹkan kan nípa kámẹ́rà, irú ẹni tó lè sanwó fún yín lọ́la. Ẹ̀gbọ́n tó fẹ́ràn yín kò wúlò fún iṣẹ́ yìí. Ohun gbogbo ló máa dáa lójú rẹ̀.

## Bí a ṣe ń wo fọ́tò: ìmọ́lẹ̀ ojú lẹ́kọ̀ọ́kọ́

Yálà tiyín ni ẹ ń wò tàbí tẹlòmíràn, ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti orí àwọ̀ tàbí ìtúnṣe. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí kọ̀ǹpútà kò lè tún ṣe.

### Ìmọ́lẹ̀

Èyí tó pọ̀ jù nínú àríwísí tí a máa ń kọ sábẹ́ fọ́tò ìta, ọ̀rọ̀ oòrùn ni. Ní ọ̀sán gangan, oòrùn ilẹ̀ wa máa ń wà lókè orí gan-an. Kòtò ojú á ṣú, òjìji á wà lábẹ́ imú, gèlè á sì ju òjìji tirẹ̀ sí iwájú orí. Láti nǹkan bí aago mẹ́wàá ààbọ̀ òwúrọ̀ sí mẹ́ta ààbọ̀ ọ̀sán, ẹ má gbé ẹnikẹ́ni sí gbangba oòrùn àyàfi tí kò bá sí ọ̀nà míì.

Ẹ máa ṣọ́ra fún ìmọ̀ràn àwọn tó ń ya fọ́tò ní Yúróòpù. Tiwọn, oòrùn ń rọra wọ̀, ìmọ́lẹ̀ rírọ̀ náà sì máa ń pẹ́ nílẹ̀. Tiwa ń já wọlẹ̀ ni. Ní Èkó, oòrùn máa ń wọ̀ láàárín nǹkan bí aago 6:30 sí 7:10 jálẹ̀ ọdún. Wákàtí méjì tó ṣáájú rẹ̀ ni iṣẹ́ yín, ogún ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn sì máa ń sáré lọ. Kí ìyàwó ti wọṣọ tán kí aago 4:30 tó lù. Ọ̀rọ̀ ọ̀yẹ́ yàtọ̀: eruku ojú ọ̀run máa ń rọ oòrùn, kódà ní aago mẹ́ta, àmọ́ fọ́tò á fẹ́ ṣá. Ẹ lè fi contrast (ìyàtọ̀ láàárín ibi tó mọ́lẹ̀ àti ibi tó ṣú) díẹ̀ dá a padà.

Bí àríwísí bá sọ pé "ojú rẹ̀ ṣú" tàbí "òjìji wà lábẹ́ ojú", ẹ tẹ̀ lé ètò yìí, láti orí èyí tí kò náni lówó:

1. Ẹ gbé e lọ sí ibòji. Etí ibòji ni o, kì í ṣe inú rẹ̀ lọ́hùn-ún. Kó dúró ní nǹkan bíi mítà kan sí ibi tí oòrùn bẹ̀rẹ̀, kó kọjú síta. Igi máńgò dáa nítorí pé ewé rẹ̀ dí. Igi àgbọn máa ń jẹ́ kí oòrùn là gba àárín ewé kọjá, á wá ṣe tótò-tótò lójú ènìyàn. Kò sí ìtúnṣe tó ń yọ èyí kúrò dáadáa.
2. Ẹ yí i. Ẹ ní kó rọra yí lójú kan, kí ẹ máa wo kòtò ojú rẹ̀. Ibi tí kòtò náà bá ti mọ́lẹ̀, tí ẹyinjú sì ń tàn, ibẹ̀ ni kó dúró.
3. Ẹ dá ìmọ́lẹ̀ padà sí i lójú. Reflector funfun tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 80 sí 110 ti tó fún ẹnì kan. Tí kò bá sí, ẹ lo foam board funfun, bẹ́ẹ̀dì ṣíìtì funfun tí ẹni méjì nà, tàbí ògiri tí wọ́n kùn ní funfun. Kí wọ́n gbé e sókè tó igbá àyà, mítà kan sí i. Tí wọ́n bá gbé e sílẹ̀ jù, ìmọ́lẹ̀ á ti abẹ́ àgbọ̀n wá, ojú á sì dẹ́rù bani. Èyí tó ń dán bíi fàdákà máa ń mú kí ènìyàn ṣẹ́jú. Ẹ fi í sílẹ̀ tí oòrùn bá mú.
4. Fíláàṣì ló kẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà kì í gbà kí shutter kọjá 1/200 tàbí 1/250 pẹ̀lú fíláàṣì. Tí ẹ bá kọjá rẹ̀ láìtan high-speed sync (ètò tó ń jẹ́ kí fíláàṣì bá shutter tó yára mu), ilà dúdú á bo apá kan fọ́tò náà.

Ẹ wo ilẹ̀ àti ohun tó wà nítòsí pẹ̀lú. Koríko tútù máa ń ju àwọ̀ ewé sábẹ́ àgbọ̀n. Kánópì búlúù máa ń sọ gbogbo ojú di búlúù, èyí tó ń ba fọ́tò òde àríyá jẹ́ jù lọ, àwọn ènìyàn á sì máa dá kámẹ́rà lẹ́bi. Kánópì funfun kò ní wàhálà.

### Awọ dúdú àti aṣọ funfun

Kámẹ́rà kò mọ ènìyàn yàtọ̀ sí aṣọ. Ohun tó mọ̀ ni pé kí ìmọ́lẹ̀ gbogbo fọ́tò wà ní ìwọ̀ntúnwọ̀nsì. Tí agbádá funfun bá gba fọ́tò kan, ó máa ṣókùnkùn sí i, ojú ẹni náà á sì dúdú ju bó ṣe yẹ lọ. Tí ẹni dúdú bá wọ aṣọ dúdú níwájú igbó, ó máa tànmọ́lẹ̀ sí i jù, awọ rẹ̀ á sì ṣá.

- Oòrùn tàbí ojú ọ̀run wà lẹ́yìn rẹ̀: ẹ fi exposure compensation (ètò tó ń mú fọ́tò mọ́lẹ̀ tàbí ṣú sí i) sí +0.7 tàbí +1.
- Awọ dúdú, aṣọ dúdú, ẹ̀yìn dúdú: ẹ gbìyànjú −0.3 sí −0.7.
- Lẹ́ẹ̀sì tàbí agbádá funfun: ẹ tan àmì tó ń ṣẹ́jú níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù. Tí iṣẹ́ ọnà ọrùn agbádá bá ń ṣẹ́jú, ẹ dín in kù títí á fi dúró, kí ẹ wá fi reflector gbé ojú sókè.

Àwọn kan máa ń fi ojú sílẹ̀ bó ṣe ṣú pé àwọn máa gbé e sókè lórí kọ̀ǹpútà. Ó ṣeé ṣe, pàápàá tí ẹ bá yà á ní RAW (fáìlì tí kámẹ́rà kò tíì tún ṣe), àmọ́ bí ẹ bá ti gbé e sókè jù, awọ á dà bíi pé wọ́n da eérú sí i. Ìmọ́lẹ̀ tó yẹ kó wà níbẹ̀ nígbà tí ẹ ń yà á kò sí níbẹ̀.

Lórí fóònù: ẹ nu lẹ́ǹsì, ẹ fi ìka kan ojú ẹni náà, kí ẹ fa àmì oòrùn sókè tàbí sísàlẹ̀ títí awọ rẹ̀ á fi rí bí ẹ ṣe ń rí i lójúkojú.

### Ojú tí kò mú

"Fọ́tò náà kò mú" lè jẹ́ nǹkan mẹ́ta, ẹ má gbà á láìbéèrè èwo ni. Tí etí tàbí gèlè bá mú ju ojú lọ, ibi tí kámẹ́rà fojú sí ni kò tọ́. Ẹ máa fojú rẹ̀ sí ẹyinjú tó sún mọ́ yín jù. Tí ohun gbogbo bá fà gbọọrọ sí ọ̀nà kan, ọwọ́ yín ló mì tàbí ẹni náà ló rìn. Kí shutter speed má lọ sílẹ̀ ju 1/250 lọ. Tí ojú kan bá mú tí èkejì kò mú, aperture yín ló ṣí jù. Lẹ́ǹsì 85 mm ní f/1.8, ní mítà méjì, lórí kámẹ́rà full frame (èyí tí sensor inú rẹ̀ tóbi), nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà péré ló máa mú láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ní f/4, ó tó mẹ́tàlá. Fún tọkọtaya, kí nọ́ńbà náà má kéré sí f/4, kí èjìká wọn sì wà ní ìlà kan náà.

Tí wọ́n bá ní imú rẹ̀ ti tóbi jù, sísúnmọ́ ló fà á. Ẹ sún sẹ́yìn tó mítà kan ààbọ̀ sí méjì, kí ẹ lo 85 mm, tàbí 50 mm lórí kámẹ́rà APS-C (èyí tí sensor rẹ̀ kéré sí ti full frame), tàbí 2x lórí fóònù.

### Ẹ̀yìn, gèlè, ọwọ́

Òpó iná tó hù jáde lórí ènìyàn, wáyà tó gba ọrùn kọjá, pátákó ìpolówó tó ń ka ara rẹ̀ fún wa: ìṣísẹ̀ kan sí ọ̀tún ló ń yanjú púpọ̀ nínú wọn. Kí ẹni náà jìnnà sí ẹ̀yìn tó mítà mẹ́ta. Tí ẹ̀yìn kò bá ṣeé wò rárá, ẹ ta aṣọ. Ní Bamako, inú àgbàlá ni olóògbé Seydou Keïta, fọtógíráfà ará Mali, ti máa ń fi ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀run ya àwọn oníbàárà rẹ̀, pẹ̀lú aṣọ alárà tó ta sẹ́yìn wọn, àwọn fọ́tò yẹn sì ń jọ ọ̀pọ̀ fọtógíráfà lójú títí dòní.

Ẹ má gé ṣóńṣó gèlè. Ẹ fi àyè sílẹ̀ lókè àti lẹ́gbẹ̀ẹ́, nítorí ẹni tó wé e máa bi yín. Portrait mode fóònù (èyí tó ń sọ ẹ̀yìn di bàìbàì) sábà máa ń jẹ etí gèlè àti etí fìlà. Ẹ fa fọ́tò náà tóbi kí ẹ wò ó kí oníbàárà tó lọ. Abetí ajá máa ń ju òjìji sí ẹ̀gbẹ́ ojú, torí náà ẹ yí apá tó ṣí sílẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀.

Ọwọ́ tí kò ní iṣẹ́ máa ń ba fọ́tò jẹ́. Ẹ fún un ní iṣẹ́: kó di etí agbádá mú, kó fọwọ́ kan ìlẹ̀kẹ̀, kó di abẹ̀bẹ̀ mú. Ohun tó yẹ kó ṣe gan-an ni kí ẹ sọ, "ẹ ṣe dáadáa" kò sọ nǹkan kan: "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé àgbọ̀n yín sókè díẹ̀, kí ẹ wo ẹnu ọ̀nà yẹn."

### Ìtúnṣe

Àríwísí tó máa ń dun oníbàárà jù ni "o ti sọ mí di òyìnbó". Ẹ fi fọ́tò náà wé ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ tàbí fọ́tò tí ẹ kò tíì fọwọ́ kàn. Tí ẹ bá ń dán awọ, ẹ fi opacity rẹ̀ (bí ìtúnṣe náà ṣe hàn tó) sí 20 sí 30 nínú ọgọ́rùn-ún, kí ojú ihò awọ ṣì hàn. Òógùn lórí imú kì í ṣe iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Ẹ mú tíṣù dání, kí ẹ fi tẹ̀ ẹ́, ẹ má fi nù ún, àtíkè á ṣí. Ẹ kò sì gbọ́dọ̀ pa ilà ojú ẹnikẹ́ni rẹ́ láìgba àṣẹ. Ẹlòmíràn á bẹ̀ yín pé kí ẹ pa á rẹ́, ẹlòmíràn á bínú títí ayé.

## Tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ ń sọ àríwísí

Ọ̀nà mẹ́rin ni kí ọ̀rọ̀ yín gbà, ní títò: ohun tí ẹ rí, ohun tó ṣe fún fọ́tò, ohun tó fà á, ohun tí ẹ máa ṣe.

| Ọ̀rọ̀ tí kò wúlò | Ọ̀rọ̀ tó ṣeé lò |
|---|---|
| "Ìmọ́lẹ̀ kò dáa." | "Kòtò ojú rẹ̀ ṣú, a kò rí ẹyinjú. Oòrùn wà lórí rẹ̀ gan-an. Gbé e lọ sí etí ibòji, kó kọjú síta." |
| "Ẹ̀yìn rẹ̀ pọ̀ jù." | "Ọkọ̀ pupa yẹn ń fa ojú mi kúrò lára rẹ̀. Rìn sí òsì títí òpó á fi bò ó." |
| "Kò jọ ara rẹ̀." | "Ojú ti funfun ju ọrùn lọ. Dá àwọ̀ ojú padà sí bó ṣe wà nínú fáìlì àkọ́kọ́." |

Iṣẹ́ ni kí ẹ sọ̀rọ̀ lé, ẹ má sọ̀rọ̀ lórí ara ẹni inú fọ́tò. "Ó sanra jù" kì í ṣe àríwísí fọ́tò. "Igun yìí mú apá fẹ̀, jẹ́ kó yí èjìká díẹ̀" ni àríwísí.

Ọmọ iṣẹ́ tó rí àṣìṣe nínú iṣẹ́ ọ̀gá kò ní láti dákẹ́, ẹnu ló máa ṣọ́. Kó sọ ọ́ ní ìkọ̀kọ̀, kó sì fi ìbéèrè gbé e kalẹ̀: "Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá, ṣé ẹ rí wáyà tó gba ọrùn ìyàwó kọjá? Ṣé kí n bá yín pa á rẹ́?" Ọ̀gá tó bá gbọ́n á gbà á bẹ́ẹ̀.

## Lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbà á

1. Ẹ sọ "ẹ ṣé", kí ẹ dákẹ́ fún ọjọ́ kan. Àlàyé pé òjò fẹ́ rọ̀ tàbí pé ìyàwó pẹ́ kò yí fọ́tò padà, ó kàn máa jẹ́ kí ẹni náà dín òtítọ́ kù nígbà míì.
2. Ẹ pín in sọ́nà mẹ́ta: àṣìṣe tó dájú, bíi ojú tí kò mú, ohun tó jẹ́ ìfẹ́ ẹni, bíi dúdú-àti-funfun, àti ohun tó kọjá agbára yín lọ́jọ́ náà.
3. Ohun tí ẹni mẹ́ta sọ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ láìgbọ́ ti ara wọn, ẹ gbà á, bí kò tilẹ̀ bá yín lára mu.
4. Ẹ mú ohun kan ṣoṣo. Tí ẹ bá yí aperture, ibòji àti lẹ́ǹsì padà lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ kò ní mọ èyí tó ṣiṣẹ́.
5. Ẹ padà sí ibẹ̀ ní aago kan náà, pẹ̀lú ọ̀rẹ́ tó ní irú awọ kan náà. Ẹ yà á bí ẹ ṣe yà á tẹ́lẹ̀, kí ẹ wá yà á pẹ̀lú ìyípadà náà.
6. Ẹ gbé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí ẹ fi han ẹni tó bá yín wí. Àwọn ènìyàn máa ń fún ẹni tó lo ọ̀rọ̀ wọn ní ọ̀rọ̀ sí i.

Tí àríwísí méjì bá tako ara wọn, tí ẹnì kan ní kí ẹ sún mọ́ ọn, tí èkejì ní kí ẹ sún sẹ́yìn, ẹ má ṣe ìdájọ́ pẹ̀lú ẹnu. Ẹ ya méjèèjì.

Tí kò bá sí ẹni tí ẹ lè bi: ẹ fi fọ́tò náà sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Lẹ́yìn náà, ẹ yí i bí inú dígí, kí òsì di ọ̀tún. Ohun tó wọ́ á hàn kíá. Ẹ sọ ọ́ di dúdú-àti-funfun láti mọ̀ bóyá ojú ni ibi tó mọ́lẹ̀ jù tàbí aṣọ. Ẹ sọ ọ́ di kékeré bí èékánná: tí ẹ kò bá mọ ibi tí ojú wà mọ́, ẹ̀yìn ti borí rẹ̀.

## Kí ẹ tó tẹ bọ́tìnì

- Ṣé ìmọ́lẹ̀ wà nínú ẹyinjú méjèèjì?
- Ṣé nǹkan kan hù jáde lẹ́yìn orí?
- Ṣé gèlè tàbí fìlà pé?
- Ṣé aṣọ funfun ń ṣẹ́jú?
- Ṣé òógùn wà ní iwájú orí tàbí imú?
- Ṣé ọwọ́ ní iṣẹ́?

## Tí oníbàárà bá ní "fọ́tò mi dúdú jù"

Ẹ má sáré tún un ṣe. Ẹ kọ́kọ́ béèrè orí kí ló ti wò ó. Fóònù tí wọ́n ti dín ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kù nítorí bátìrì máa ń mú gbogbo fọ́tò dúdú. Ẹ ní kó gbé e sókè dé ìdajì, kó sì kúrò nínú oòrùn. Tó bá jẹ́ èyí tí ẹ ti fọ̀ ní lábù ló dúdú, ìmọ́lẹ̀ kọ̀ǹpútà yín ló ṣeé ṣe kó ga jù nígbà tí ẹ ń tún un ṣe: ẹ rí i pé ó mọ́lẹ̀, bébà kò sì ní iná nínú. Ẹ dín ìmọ́lẹ̀ kọ̀ǹpútà kù, kí ẹ fọ fọ́tò 4×6 (ínǹṣì) kan, kí ẹ gbé e lọ sí ẹnu ọ̀nà ní ọ̀sán, kí ẹ wo awọ ojú àti ti ọrùn, kí ẹ tó sanwó 16×20.